Àpò Iyanrìn Keje

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ní kí n sọ bí iṣẹ́ mi ṣe rí, kí ẹ lè mọ̀ bóyá kí ẹ kọ́ ọ tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀, ẹ fara balẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ṣe nílùú Lomé yìí kò wọ́pọ̀. Páráṣúùtì ni mo ń rán, agboòrùn ńlá tó ń gbé nǹkan wálẹ̀ láti òkè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo sì ń ká a sínú àwọn rọ́kẹ́ẹ̀tì kéékèèké tí wọ́n ń yìn sókè létí òkun ní Baguida. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé mo mọ iṣẹ́ náà. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé owú ni mo fi ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo jowú ènìyàn kan ju bí orogún ṣe ń jowú orogún lọ, owú náà sì mú mi ṣe ohun kan tí n kò jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀gá mi títí wọ́n fi kú. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ tèmi rìn ju ogún ọdún lọ, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó jókòó sọ́dọ̀ yín lónìí.

Bí mo ṣe wọṣẹ́ kò gba àlàyé. Bàbá mi wá láti Kétu, ọ̀gá mi wá láti Kétu, wọ́n jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan náà ní Bè-Kpota, ọ̀rọ̀ sì parí. Owó tí mo gbà tó mi jẹ, kò tó mi yangàn. Ẹ má bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀gá Rájì ni orúkọ wọn. Ènìyàn gíga, tínrín ni wọ́n, wọn kì í rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán. Nígbà èwe wọn, wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní bárékè, níbi tí wọ́n ti ń ká páráṣúùtì fún àwọn sójà tí ń bẹ́ láti inú ọkọ̀ òfurufú. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ti kúrò níbẹ̀, wọ́n ń rán báàṣì, aṣọ líle tí wọ́n fi ń bo ẹrù ọkọ̀ àti orí ìsọ̀ ọjà. Odidi ọdún kan, n kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo ń kó òwú sójú abẹ́rẹ́, mo sì ń tú ohun tí àwọn ẹlòmíràn bá rán.

Nígbà tí wọ́n wá gbà kí n jókòó sídìí ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ń gbọ́ lẹ́nu wọn: “Tú u.” Bí mo bá rán ìlà kan tán, Ọ̀gá á di ojú wọn, wọ́n á fi èékánná àtàǹpàkò wọ́ ojú ìlà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí èékánná bá kọ́ nǹkan kan, bó ti wù kó kéré tó, “Tú u.” Lọ́jọ́ kan, awakọ̀ kan ń dúró de báàṣì rẹ̀, ẹ̀rọ ọkọ̀ rẹ̀ ń kùn lójú títì. Ìlà tó kẹ́yìn ni mo ń rán. Ọ̀gá fi èékánná wọ́ ọ. “Tú u.” Awakọ̀ náà fi ọwọ́ lérí, ó ní, “Patron, ọ̀gá mi, ọjà ń lọ o!” Ọ̀gá dá a lóhùn pé, “Jẹ́ kó máa lọ. Ìlà yìí kò lè bá ọ lọ.” Mo tú u. Mo sunkún bí mo ṣe ń tú u, omijé náà kò sì sọ ìlà kan di títọ́.

Ọdún kan lẹ́yìn mi ni Àfúsátù dé. Ọmọ Kétu lòun náà, ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kì í yá sí ọ̀rọ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń kó òwú sójú abẹ́rẹ́. “Ẹ̀gbọ́n mi” ló ń pè mí, “ẹ” ló sì fi ń bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ kìíní. Inú mi dùn sí i nígbà yẹn. Bí mo bá mọ ohun tó ń bọ̀, bóyá ǹ bá ti kọ́ ọ lódì.

Ohun tó ń bọ̀ wọlé wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú báàfù oníke. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Mùsíọ̀ Kòmlán ló gbé báàfù náà dání, ọ̀dọ́mọkùnrin onígíláàsì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún iyanrìn òkun. “Bonjour, patron,” ló wí, ó sì da aṣọ páráṣúùtì kan tí iná ti jó sílẹ̀ níwájú wa. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́ ahéré ńlá kan sí ọ̀nà Baguida, wọ́n ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì tí gígùn rẹ̀ kò ju ènìyàn méjì tó dúró léra lọ. Ó ń gbé àwọn ohun èlò lọ sókè láti wọn afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin ojú ọ̀run. Wọn kò lówó láti máa ṣe tuntun ní gbogbo ìgbà, nítorí náà èyí tó lọ gbọ́dọ̀ padà wá láìfọ́, kó tún lọ. Bó bá dé ibi tí agbára rẹ̀ pin, ẹ̀tù kékeré kan á ṣí orí rẹ̀, ọmọ páráṣúùtì á jáde, á sì fa ìyá páráṣúùtì jáde lẹ́yìn ara rẹ̀. Ó máa bà sórí òkun, àwọn apẹja á fi ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ gbé e wá sí etí omi. Àwa á fi omi tútù fọ iyọ̀ kúrò lára aṣọ náà, a ó sá a sábẹ́ òjìji, a ó tún un ká. Ohun tí Mùsíọ̀ Kòmlán ń wá kò ju ẹni tó mọ̀ ọ́n rán, tó sì mọ̀ ọ́n ká lọ.

Ọ̀gá gbé aṣọ jíjó náà sókè, wọ́n wò ó títí. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rí i kí wọ́n rẹ́rìn-ín kí oúnjẹ ọ̀sán tó dé. Wọ́n ní, “Iná ló ń gbé e lọ, abẹ́rẹ́ ló ń gbé e bọ̀.”

Wọ́n kó gbogbo ẹrù kúrò ní yàrá ẹ̀yìn, wọ́n gbé tábìlì gígùn kan síbẹ̀, wọ́n sì fi aṣọ jíǹsì àlòkù rán àpò kéékèèké méje, wọ́n rọ iyanrìn òkun sínú wọn. Ohun tí a fi ń tẹ ìṣẹ́po aṣọ mọ́lẹ̀ nìyẹn, kó má baà yọ̀ nígbà tí a bá ń ká èyí tó tẹ̀ lé e. Bí a bá ká a tán, a ó kó àpò méjèèje kúrò kí a tó di ẹnu rẹ̀. Ọ̀gá á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á bèèrè pé, “Àwọn méje ti pé?” Ẹni tó ká a á kà wọ́n lórí tábìlì, á ní, “Wọ́n pé, Ọ̀gá.” Lẹ́yìn èyí, á kọ orúkọ ara rẹ̀ sára aṣọ funfun kékeré kan, á so ó mọ́ ẹnu ẹrù náà. Orúkọ ẹyọ kan ni. Ẹni tó ká a ló ni ín.

Òfin tó le jù ni ti ìkíni. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Ọmọ Yorùbá ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ó ń kí ẹni tó jókòó, ó ń kí ẹni tó ń dirun. Ọ̀gá ní, “Nínú yàrá yìí, kò sí àgò, kò sí ẹ kú iṣẹ́, kò sí bonjour. Bí ìmáàmù bá wọlé, ẹ má wò wọ́n. Ọwọ́ tó bá kúrò lórí aṣọ láti lọ kíni á gbàgbé ibi tó ti dúró.” A rẹ́rìn-ín. Wọn kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n wá pe àwa méjèèjì síwájú tábìlì. “Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé aṣọ yẹn.” A gbé e lé e. “Ẹ gbé e kúrò.” Nígbà tí mo gbé tèmi, àmì ọwọ́ mi wà lójú aṣọ náà ní rírin, ìka márààrún. Ojú ibi tí Àfúsátù gbọ́wọ́ lé gbẹ táútáú. Láti kékeré ni ọwọ́ mi ti máa ń làágùn, ọ̀rinrin sì ń mú kí náílọ̀nù lẹ̀ mọ́ra. “Àfúsátù ni yóò máa ká a,” Ọ̀gá wí. “Ìwọ Múíbátù, rírán ni tìrẹ.” Ibẹ̀ ni ayé mi ti yà.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo kọ́ ọ ní abẹ́rẹ́. Ìlà tí mo rán ni afẹ́fẹ́ ń fẹ̀ lókè, orúkọ Àfúsátù ló sì ń bá a lọ tó ń bá a bọ̀. Àwọn apẹja Baguida tí kò mọ̀ mí rí ń ké orúkọ rẹ̀ ní gígé kúrú láti ojú omi: “Àfi! Àfi!” Mùsíọ̀ Kòmlán á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, á mi orí sí mi lásán. Mo fi eérú pa ọwọ́, mo fi álọ́ọ̀mù pa á, mo fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ títí ó fi bó. Mo tọrọ ọwọ́ gbígbẹ lọ́wọ́ Ọlọ́run bí àwọn obìnrin mìíràn ṣe ń tọrọ ọmọ. Èyí tó tún ń bí mi nínú jù ni pé Àfúsátù kò ṣẹ̀ mí rí. Bó bá ra àkàrà, ó ń mú tèmi dání. Mo ń jẹ àkàrà náà, mo sì ń jowú ẹni tó rà á.

Báyìí ni a wà títí ọjọ́ tí àwọn èèyàn ńlá ìlú fẹ́ wá wo rọ́kẹ́ẹ̀tì náà ní Baguida. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Àfúsátù ti wà nínú yàrá ẹ̀yìn, ó ń ká ìyá páráṣúùtì. Ọ̀gá àti Mùsíọ̀ Kòmlán wà lójú títì, wọ́n ń kẹ́rù sínú ọkọ̀. Èmi nìkan ni mo wà nídìí ẹ̀rọ nígbà tí ìyá Ọ̀gá wọlé láti Kétu, pẹ̀lú agbọ̀n gààrì lórí. Màmá Kétu ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọn kò tíì wá sí Lomé láti ìgbà tí a ti ní yàrá ìkáṣọ, wọn kò sì mọ òfin rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ agbọ̀n náà kalẹ̀ fún wọn. Wọ́n súre fún mi, wọ́n ní, “Àbúrò rẹ ńkọ́?”

Ó yẹ kí n sọ pé, “Ó ń ṣiṣẹ́, Màmá, ẹ jókòó dè é.” Ohun tí mo sọ ni pé, “Ó wà ní yàrá ẹ̀yìn, Màmá. Ó ti ń bèèrè yín láti àná. Ẹ wọlé lọ bá a.”

Mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Bí kò bá kí wọn, Màmá á sọ fún ọmọ wọn pé ọmọ tó gbà sọ́dọ̀ kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Bó bá kí wọn, ó ti rú òfin. Ibi tó wù kó já sí, èmi ni mo jèrè. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, ilé laṣeni ń gbé.

Màmá wọlé. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ, nítorí mo ti tẹ ẹ̀rọ kí n má baà dà bí ẹni tó ń tẹ́tí. Nígbà tí mo dá ẹ̀rọ dúró, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni mo bá níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìró orúnkún lórí símẹ́ǹtì. “Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ kú ìrìn. Ará ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé àlàáfíà lẹ bá dé?” Màmá ń súre, Àfúsátù ń ṣe àmín. Ẹ mọ bí àdúrà àgbà ṣe máa ń gùn tó. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ sínú aṣọ tí mo ń rán.

Ọ̀gá wọlé láti pe Àfúsátù. Bí wọ́n ṣe rí ìyá wọn ní ẹnu yàrá, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí àwọn àjákù aṣọ. Màmá fi ọwọ́ pa wọ́n lórí bí ọmọdé, Màmá fa Ọ̀gá jáde lọ sí ìta láti wá jẹ ohun tí àwọn gbé wá. Bí ìbéèrè ọjọ́ náà kò ṣe jáde lẹ́nu Ọ̀gá nìyẹn. Àfúsátù di ẹnu ẹrù, ó kọ orúkọ rẹ̀, ó gbé e lọ sínú ọkọ̀.

Mo wọ yàrá náà láti gbálẹ̀. Mo ka àwọn àpò tó wà lórí tábìlì. Mẹ́fà ni. Mo wo abẹ́ tábìlì. Mo tún un kà. Mẹ́fà.

Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín: ayọ̀ ló kọ́kọ́ dé sí mi lọ́kàn. Mo ní Ọ̀gá á rántí kí wọ́n tó ti ẹrù náà sínú rọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n á bèèrè, Àfúsátù á sì kúnlẹ̀ níwájú àwọn èèyàn ńlá láti tú u. Ìtìjú rẹ̀ ni mo fẹ́, n kò fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A jọ jókòó lẹ́yìn ọkọ̀ láti Bè-Kpota dé Baguida, ẹrù náà wà lórí itan rẹ̀, orúnkún mi kan tirẹ̀. Gbogbo ọ̀nà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà fi wà lẹ́nu mi. Ó rọrùn láti sọ: mẹ́fà ni mo rí. Ó bojú wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ara yín le bí?” Mo ní, “Ó le.” Ọ̀gá kò bèèrè. Wọ́n ti ẹrù náà wọlé, wọ́n dé orí rẹ̀.

Ó gòkè, gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Nínú iṣẹ́ yìí, nígbà tó bá ń lọ ni wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́. Ọmọ páráṣúùtì jáde. Ìyá jáde tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kò là. Ìdajì rẹ̀ fẹ̀, ìdajì kejì dì bí aṣọ tí wọ́n ń fún omi rẹ̀. Àpò iyanrìn náà ti wọ́ sáàárín àwọn okùn, ó sì lọ́ wọn pọ̀. Rọ́kẹ́ẹ̀tì náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí, afẹ́fẹ́ sì gbé e kúrò lórí òkun wá sí etí omi, níbi tí àwọn ènìyàn ti tò ní ìlà gígùn méjì, tí wọ́n ń fa àwọ̀n. Wọ́n ju okùn sílẹ̀, wọ́n fọ́nká. Ó já lu ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ kan tí wọ́n fà sórí iyanrìn, ó là á sí méjì. Bàbá apẹja kan ti ń sùn sí òjìji ọkọ̀ náà láti àárọ̀. Òùngbẹ ló jí i, ó dìde lọ mu omi. Kò tíì mu omi náà tán nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ fọ́.

Mo jókòó sórí iyanrìn.

Ọ̀gá tú àwọn okùn náà fúnra wọn. Wọ́n bá àpò náà, wọ́n gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n sì wò ó títí. “Àfúsátù. Mélòó lo kà?”

“N kò kà á, Ọ̀gá.”

“Kí ló dé?”

Àfúsátù kúnlẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, kí ni kó sọ? Kó sọ fún ọkùnrin yẹn, lójú gbogbo ayé, pé ìyá rẹ̀ ló fà á? Ọmọ tó bá lẹ́kọ̀ọ́ kò lè sọ ọ́. Mo mọ̀ pé kò ní sọ ọ́. Ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ ni mo fi mú un.

“Má wọ yàrá yẹn mọ́,” Ọ̀gá wí, wọn kò sì wo ojú rẹ̀. Ayẹyẹ òmìnira rẹ̀, tí àwa ní Lomé ń pè ní líbérásíọ́ọ̀n, kù fẹ́ẹ́rẹ́. Wọn kò ṣe é mọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó kó aṣọ rẹ̀, ó lọ sí Sanguéra, ó ń rán báàṣì nínú ìsọ̀ kékeré kan. Ó kí mi dáadáa kó tó lọ.

Wọ́n fún mi ní yàrá náà. Kò sí ẹlòmíràn. Mùsíọ̀ Kòmlán àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún rọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn kọ́, wọ́n tún ọkọ̀ bàbá apẹja náà ṣe, iṣẹ́ sì ń lọ. Mo ń fi páúdà pa ọwọ́ mi kí n tó fọwọ́ kan aṣọ, mo tún ń pa á láàárín iṣẹ́. Mo ń ka àpò méje lẹ́ẹ̀mẹta, sókè ketekete. Gbogbo rọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo ká páráṣúùtì rẹ̀ ló padà wá láìfọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé iná sórí òrùlé kì í sùn. Bí mo bá fẹ́ kọ orúkọ mi sára aṣọ funfun náà, ọwọ́ mi á làágùn, tàdáwà á ṣàn. Títí di òní, kò sẹ́ni tó rí orúkọ Múíbátù kà dáadáa lára páráṣúùtì kankan.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ lọ, ti iná mànàmáná dé. Wọ́n pa ẹ̀tù tì, ìgò gáàsì kékeré ló ń ṣí orí rọ́kẹ́ẹ̀tì báyìí, aṣọ kò sì jó mọ́. Ẹ̀rọ kan tí kò tó páálí ìṣáná ló ń mọ bí ilẹ̀ ṣe jìnnà tó, òun ló ń sọ ìgbà tí ìyá páráṣúùtì yóò jáde. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán gé aṣọ dé, ó ń gé e láìṣe àṣìṣe kankan, mo sì jowú ẹ̀rọ náà, nítorí kì í làágùn. Mo jowú àwọn ọmọ tó ń jáde lórí tẹlifíṣọ̀n pé àwọn ló kọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ àpò iyanrìn méje kò yí padà. Kò tíì sí ẹ̀rọ tó rọ́pò wọn.

Mo sì ń jowú Àfúsátù síbẹ̀, èmi tí mo gba gbogbo ohun tó ní. Wọ́n ní báàṣì rẹ̀ kì í jò. Lọ́jọ́ kan, mo rí ọ̀kan lórí ìsọ̀ obìnrin kan ní ọjà Bè-Kpota, mo di ojú mi, mo fi èékánná wọ́ ìlà rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èékánná mi kò kọ́ nǹkan kan. Obìnrin náà ní kí ni mo fẹ́ rà. Mo ní n kò fẹ́ ra nǹkan kan, mo sì lọ sílé pẹ̀lú ìbínú.

Nígbà tí Ọ̀gá wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn tó gbé wọn lọ, wọ́n ní kí n jókòó ti àwọn. “Múíbátù, ọjọ́ Baguida yẹn. Èmi ni n kò bèèrè. Ìyá mi dé, mo gbàgbé, mo sì gbé e lé ọmọ ọlọ́mọ lórí.” Omi ń bọ́ lójú wọn. Ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo ní, “Ẹ fi í sílẹ̀, Ọ̀gá, ó ti pẹ́.” Wọ́n kú pẹ̀lú ẹ̀bi tí kì í ṣe tiwọn nìkan, mo sì bá wọn sin òkú, mo ń ṣe àmín bí ẹni rere.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ fẹ̀yìn tì, mo ká ti ìkẹyìn. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ báyìí ti pe àwọn ará ìgbà àtijọ́ pé kí wọ́n wá bá mi ṣeré lọ́sàn-án. Mo wà láàárín iṣẹ́, ìṣẹ́po ń lọ, àpò ń lọ, nígbà tí òjìji kan ṣú bo ẹnu ọ̀nà. N kò gbójú sókè. Mo rò pé á kí mi. Kò kí mi. Mo ń ká a, òjìji náà dúró. Mo fi páúdà pa ọwọ́, mo tún ń ká a. Ó tó wákàtí kan. Nígbà tí mo ká ìṣẹ́po tó kẹ́yìn tán, tí mo sì kó àwọn àpò jáde sórí tábìlì, ohùn kan ní, “Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n mi.”

Àfúsátù ni. Irun rẹ̀ ti funfun, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún dúró fún wákàtí kan kó má baà kí mi.

Mo ní, “O ò bá ti jókòó.”

“Ìjókòó lè pariwo,” ló wí. Ó wọlé wá. “Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ti mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ohun tí Màmá kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe wọlé ni pé, ‘Múíbátù ní o ń bèèrè mi láti àná.’ N kò bèèrè wọn. N kò mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀.”

“O mọ̀, o sì kúnlẹ̀?”

“Ìyá Ọ̀gá ni. Ṣé kí n máa wò wọ́n níran ni?”

Ó ti fún mi ní ọ̀nà àbáyọ: kí n bẹ̀ ẹ́ nítorí Màmá, kí ó dárí jì mí, kí ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́. Mo ní, “Àfúsátù, mo wọlé gbálẹ̀ lẹ́yìn rẹ. Mẹ́fà ni mo bá lórí tábìlì. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ̀ nígbà tí ẹrù náà wà lórí itan rẹ.”

Èyí ni kò mọ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ bó ṣe ń wọ̀ ọ́ lára. Ó wá ibi jókòó sí. “Gbogbo ọdún wọ̀nyí,” ló wí, “mo ń rò pé èmi nìkan ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa bàbá yẹn.”

Mo kúnlẹ̀ fún àbúrò mi. Kò ní kí n dìde, kò sì ní kí n má dìde. Ìgbà tó yá, ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ara rẹ̀ sókè, ó lọ sídìí tábìlì, ó ń fi ìka kan kà wọ́n: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà, méje. Ó fi ọwọ́ lé èyí tó kẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀. “Wọ́n pé.”

Mo dìde, mo di ẹnu ẹrù. Mo mú aṣọ funfun kékeré náà, mo mú bíírò, mo nà wọ́n sí i. “Kọ orúkọ rẹ,” ni mo wí. “Kí ọ̀kan lọ lórúkọ rẹ.”

Ó mi orí. “Ẹni tó ká a ló ni ín, Ẹ̀gbọ́n.”

Mo gbé aṣọ náà kalẹ̀ láti kọ ọ́. Ọwọ́ mi ti rin gbingbin, ó ti ń tú tàdáwà ká kí lẹ́tà kìíní tó jáde. Àfúsátù gba bíírò lọ́wọ́ mi. “Ọwọ́ yín ń làágùn,” ló wí. Ó yí aṣọ náà sí ẹ̀yìn, ó sì fi ọwọ́ gbígbẹ rẹ̀ kọ ọ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró láyè ara rẹ̀: MÚÍBÁTÙ.

Kò ṣàn. Ó dára ju bí mo ṣe kọ ọ́ rí lọ, mo sì jowú rẹ̀.